Ta ló ti fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí Kedarnath rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni ìyá ọkọ mi, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ fojú kan tẹ́ńpìlì òrìṣà wọn, Shiva, tó wà ní Kedarnath, ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand ní Íńdíà. Èmi àti ọkọ mi la máa sìn wọ́n lọ. Oṣù Kẹsàn-án la mú, torí òjò oṣù Keje àti Kẹjọ máa ń mú kí òkè ya lulẹ̀, àgbàrá sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ lọ́dún 2013.

Òkè yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Láti Gaurikund tí ọkọ̀ ń parí sí, ìrìn náà tó kìlómítà 16, òkè ni ṣáá. Ibi tí tẹ́ńpìlì wà ga ju mítà 3,500 lọ, èémí kì í sì í dalẹ̀ níbẹ̀. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò gun ẹṣin, àwọn ò wọ hẹlikópítà, ẹsẹ̀ làwọn fi jẹ́jẹ̀ẹ́. Mi ò fẹ́ ba ẹ̀jẹ́ wọn jẹ́ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé ká sùn ní Gaurikund kí ara wọn kọ́kọ́ mọ́ òtútù? Ṣé àgbàlagbà lè sùn ní Linchauli lójú ọ̀nà, kó di ọjọ́ kejì ká tó parí ẹ̀? Bó bá rẹ̀ wọ́n láàárín ọ̀nà, ṣé a máa rí àwọn tó ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn èèyàn, àbí ìsàlẹ̀ la ti gbọ́dọ̀ háyà wọn? Ọkọ mi ti ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ fún ìrìn àjò náà, ṣùgbọ́n páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni tèmi: ṣé ìwé mìíràn wà tí wọ́n máa bi mí?