Ta ló gbé kóòtù Baldwin County lọ sí Bay Minette?

Tòkunbọ̀ Etíkun:
Ẹ̀yin èèyàn mi tó wà ní gúúsù Alabama, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àná ni ìwé kóòtù bá mi nílé, wọ́n ní kí n wá ṣe júrì, ìyẹn ará ìlú tí wọ́n ń pè kó wá gbọ́ ẹjọ́ kó sì dá a. Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ onílùú. Ìgbà tí mo wo àdírẹ́sì ni ìdùnnú yẹn dín kù. Bay Minette! Gulf Shores ni mò ń gbé, létí òkun gan-an. Mo máa wakọ̀ gba Foley, Robertsdale àti Loxley kọjá lójú ọ̀nà 59, ó lé ní 40 máìlì. Ta ló lọ gbé kóòtù pamọ́ síbẹ̀ yẹn?

Bàbá Onítírélà:
Tòkunbọ̀, o ò ṣì í sọ. Wọ́n jí i gbé ni.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi tírélà la káúńtì Baldwin yìí já (káúńtì ni ẹkùn tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí), ó sì tóbi, ó ju odidi ìpínlẹ̀ Rhode Island lọ. Daphne, létí Mobile Bay, ni kóòtù wà láti 1868. Nígbà tó di 1901, ilé aṣòfin Alabama ṣòfin pé kó máa lọ sí Bay Minette, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà. Àwọn ará Daphne fárígá, wọ́n ní ìwé kankan ò ní kúrò lọ́wọ́ àwọn. Ni àwọn ọkùnrin Bay Minette bá hun irọ́ kan: wọ́n ní wọ́n ti pààyàn níbì kan. Ṣẹ́rífù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá káúńtì, àti igbákejì rẹ̀ gbéra, wọ́n ń wá apààyàn tí kò sí láyé kiri lóru. Ohun tí àwọn wọ̀nyẹn ń retí nìyẹn. Wọ́n rin nǹkan bí 30 máìlì wọ Daphne, wọ́n palẹ̀ ìwé kóòtù mọ́, wọ́n sì kó o lọ sílé. Kò padà mọ́ títí dòní.

Tí o bá débẹ̀, yà sí pósófíìsì wọn. Àwòrán ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà lára ògiri. Mo dúró wò ó nígbà kan títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà fi ń wúkọ́. Èèyàn jalè tán, wọ́n tún ya á sára ògiri ìjọba!

Ìyá Ìbejì Fairhope:
Bàbá, ẹ ò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Alárìnkiri ni kóòtù yẹn kó tó dé Daphne. Ní 1809 tí wọ́n dá Baldwin sílẹ̀, ó ku ọdún mẹ́wàá kí Alabama tó di ìpínlẹ̀. Káúńtì tí à ń pè ní ti etí òkun yìí ò kan òkun nígbà náà, ọwọ́ àwọn ará Sípéènì ni etí omi wà. McIntosh Bluff, létí odò Tombigbee, ni kóòtù kọ́kọ́ wà. Washington County ló ni ibẹ̀ báyìí. Ìgbà tí wọ́n tún ààlà fà, tí káúńtì bọ́ sí ìlà-oòrùn odò, ni kóòtù lọ sí Blakeley ní 1820. Ìlú èbúté tó ń bá ìlú Mobile figẹ̀ wọngẹ̀ ni, kí ibà pọ́njú tó wọ̀ ọ́. Ẹ lọ wò ó lónìí, igbó ni. Igi óákù ńlá kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jury Oak. Wọ́n ní kí wọ́n tó kọ́ ilé ẹjọ́, orí igi yẹn ni adájọ́ ń jókòó sí, tí àwọn júrì á wà nísàlẹ̀. Tòkunbọ̀, ìwọ tó o máa jókòó sínú éèsì lò ń ráhùn!

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ ni, má wulẹ̀ lọ Bay Minette. Ẹ̀ka kóòtù wà ní Foley àti ní ọ̀dọ̀ wa ní Fairhope níbí.

Tòkunbọ̀ Etíkun:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, wọn ò mú mi. Kí wọ́n tó ní ká máa lọ, pósófíìsì ti tì. Mo bá gba Daphne padà, kí n lè mọ bí 30 máìlì àwọn olè yẹn ṣe rí. Èmi tí mo wà nínú mọ́tò, ẹ̀yìn ro mí.