Ìjoro iṣan ni, kì í ṣe ikú iṣan

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín fún iṣẹ́ ńlá tí ẹ ṣe lórí àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn yìí. Mo rí i pé ẹ pe iṣan tó ń tín-ín-rín ní “ikú iṣan”, ẹ pe iṣan tó ń tóbi lára àwọn tó ń gbé irin ní “ìpọ̀sí iṣan”, ẹ sì sọ myostatin, purotéènì inú ara tó ń dá ìdàgbà iṣan dúró, ní “apaṣan”. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, tó gbé POP, ìdè funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí wọ́n bá ti gé POP náà kúrò báyìí, itan rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Á rí i pé ọ̀kan ti kéré sí èkejì. Ìbéèrè tí mo sì ń gbọ́ jù ni: “Dókítà, ṣé ẹsẹ̀ yìí ti kú ni?” Ẹ̀rù gidi ló wà nídìí ìbéèrè yẹn, nítorí ní èdè wa, ẹsẹ̀ tó kú ni ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára mọ́. A jókòó lé e pẹ́, ó kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ènìyàn, a ní apá rẹ̀ kan ti kú. Bí ìwé ìṣègùn bá wá kọ “ikú iṣan” sílẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún onítọ̀hún pé kó dìde kó máa rìn?

Kò sí ohun tó kú nínú itan yẹn. Fọ́nrán iṣan ṣì wà níbẹ̀, ó kàn tín-ín-rín ni. Ojoojúmọ́ ni ara ń hun purotéènì sínú iṣan, ojoojúmọ́ náà ló sì ń tú u. Bí ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ń wọlé, híhun á borí títú. Bí ẹsẹ̀ bá dúró sójú kan, tàbí tí ebi tàbí àìsàn líle wọlé dé, títú á borí. Títú yìí gan-an kì í ṣe ìjàm̀bá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó ti rí bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe: yóò lẹ purotéènì kékeré kan tó ń jẹ́ ubiquitin mọ́ èyí tó fẹ́ tú, ibi tí àmì bá wà ni àwọn atúnǹkan inú rẹ̀ ń lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Ciechanover, Hershko àti Rose, gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 2004. Ní 2001 ni àwọn olùwádìí ti kéde àwọn purotéènì méjì tó ń bá wọn lẹ àmì yìí nínú iṣan, MuRF1 àti atrogin-1.

Nítorí náà, mo dábàá “ìjoro iṣan”. Mo kọ́kọ́ ro “rírọ”, nítorí ewé tó rọ, omi á jí i, èyí tó gbẹ ló ti lọ. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti gba “rọ” lọ́wọ́ wa. “Rírù” kò bá a mu, odidi ènìyàn ló ń rù. Ẹni tó sanra dáadáa lè ní itan kan tó joro. Ọmọ tí àìjẹunrekánú bá sọ di ẹni tó joro, bí ó bá rí oúnjẹ jẹ, ara rẹ̀ á tún jí pépé. Ohun tí mo fẹ́ kí aláìsàn gbọ́ nìyẹn.

Ní ti “ìpọ̀sí”, kí ni ó pọ̀? Fọ́nrán iṣan ẹni tó ń gbé irin kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Wọ́n ń nípọn ni. Iye tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà kí a tó bí i. “Ìnípọn iṣan” ni mo máa kọ. Ẹ fi “ìpọ̀sí fọ́nrán” pamọ́ fún màlúù Belgian Blue ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí fọ́nrán rẹ̀ pọ̀ ní tòótọ́ láti inú oyún, tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà fi ń gbẹ̀bí rẹ̀.

Myostatin ni kò ṣiṣẹ́ lára màlúù náà. Ní 1997, àwọn olùwádìí McPherron àti Lee ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà yọ jíìnì rẹ̀ lára eku, iṣan eku náà sì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2004, wọ́n ròyìn ọmọ kékeré kan ní Jámánì tí tirẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó, kì í pa iṣan. Ó ń sọ fún un pé ó tó ni. “Ìjánu iṣan” ló yẹ ẹ́. Ẹni tó fa ìjánu ẹṣin kò pa ẹṣin.

Ibì kan wà tí mo ti gbà fún yín. Ní ọjọ́ ogbó, àwọn nááfù, ìyẹn okùn tó ń gbé àṣẹ lọ bá iṣan, ń dín kù, àwọn fọ́nrán kan sì ń lọ pátápátá. Níbẹ̀, “ikú fọ́nrán” tọ́. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Rosenberg ló fi èdè Gíríìkì sọ àìsàn ogbó yìí ní sarcopenia ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òṣì ẹran ara. N kò lè pe àgbàlagbà ní olóṣì ẹran ara lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn àgbà, ìbáà ṣe ní Èkìtì, Ìjẹ̀bú tàbí Kétu, fún ẹsẹ̀ arúgbó tó ń tín-ín-rín, kó jọ̀ọ́ kó fi ránṣẹ́ sí wa kí a tó ti àkójọ náà.