Agbárí màlúù lára ilẹ̀kùn pásítọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Oníbàárà kan gbé àwòrán wá pé kí n gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn òun. Ó jọ èyí tí àwọn ayàwòrán-ilé Ítálì bíi Giuliano da Sangallo ń yà ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń rìn káàkiri àwókù ìlú Róòmù. Agbárí màlúù ni: ihò ojú dúdú kirimú, ìwo ṣì wà lórí, wọ́n wá so òdòdó àti èso rọ̀ mọ́ ìwo náà bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó. Àwo pẹrẹsẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé màlúù ẹbọ ni, àwo yẹn sì ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń ta ọtí sílẹ̀ fún òrìṣà wọn. (Èyí ò ṣàjèjì sí wa ṣá.) Àmọ́ Kristẹni làwọn tó ń yà á! Bramante, ayàwòrán-ilé kan láyé ìgbà yẹn, fi ife àti àwo ìdàpọ̀ mímọ́ sí àyè tí agbárí ì bá wà lára ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó kọ́ sí Montorio ní Róòmù. Palladio, ayàwòrán-ilé mìíràn, ní tiẹ̀ fi agbárí sára Basilica ìlú Vicenza ní Ítálì (gbọ̀ngàn ìlú ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì), kò yí i padà.

Ṣé wọ́n ka ìtumọ̀ ẹbọ yẹn sí ni, àbí ẹwà lásán ni wọ́n rí? Pásítọ̀ ni oníbàárà mi yìí o, mi ò sì tíì fi ìṣó kan igi náà.