Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní community college: AA ni àbí AAS?

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ààbò ìlú ní community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. (Bàbá wa ò tíì gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ “ọlọ́pàá”, wàhálà dé nìyẹn.) Oríṣi ìwé-ẹ̀rí méjì ló wà níbẹ̀: AA (Associate of Arts) wà, AAS (Associate of Applied Science) náà wà. Wọ́n ní AAS ló ní iṣẹ́ gan-an nínú, ṣùgbọ́n yunifásítì kì í sábà gba gbogbo kírẹ́díìtì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ṣì fẹ́ gba dìgírì yunifásítì tó bá yá.

Ní Texas, ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 lè gba láísẹ́ǹsì ọlọ́pàá tó bá ti ní kírẹ́díìtì 60 lọ́wọ́. Ìdí tó fi ń kánjú nìyẹn. Àmọ́ green card ló ń lò, ìwé ọmọ ìlú ṣì jìnnà díẹ̀, òun gan-an ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ṣé kó máa kàwé lọ ná, kó sì máa wá iṣẹ́ àwọn tó ń gbé ìpè 911? Ṣé wọ́n máa ń gba ẹni tó ní green card síbẹ̀? Ta ló ti gba ọ̀nà yìí rí nínú yín?