Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tírélà òfìfo nínú atẹ́gùn Wyoming, l'Amẹ́ríkà

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́la ni mo fẹ́ wa tírélà òfìfo láti Cheyenne lọ sí Rock Springs, lórí I-80, òpópónà ńlá ibẹ̀. Wọ́n ní atẹ́gùn ní Arlington àti Elk Mountain, tó wà lójú ọ̀nà náà, á tó 65 máìlì ní wákàtí kan. Dispatcher, ẹni tó ń rán wa níṣẹ́ láti ọ́fíìsì, ní kí n ṣáà rọra máa lọ, pé àwọn yòókù ń kọjá. Mi ò gba ọ̀nà yẹn rí. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Tírélà: Àbúrò, òfìfo yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ tó kún lè wọn 80,000 pọ́n-ùn. Tìrẹ ò ní ju nǹkan bí 35,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 53 náà ni gígùn tírélà. Tó o bá ti kúrò ní Laramie, ìlú tó wà lẹ́yìn Cheyenne lójú ọ̀nà rẹ, ẹ̀gbẹ́ òsì ni atẹ́gùn á ti máa gbá ọ. Yẹ 511 Wyoming wò, ibi tí ìjọba ti ń sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Tí wọ́n bá ti ní ọ̀nà ti tì fún ọkọ̀ gíga tó fúyẹ́, ìwọ ni wọ́n ń bá wí.

Ìyá Ìbejì: Má tan cruise control, ohun tó ń mú ọkọ̀ dúró lórí eré kan náà fúnra rẹ̀, rárá. Ìgbà tí tírélà míì bá ń kọjá lápá òsì rẹ ni kó o ṣọ́ra jù. Ó máa dínà atẹ́gùn fún ọ lójijì, sítíárìn tó o ti ń fà sósì á wá fẹ́ gbé ọ kọ lù ú. Bó bá ti kọjá tán, atẹ́gùn á tún gbá ọ padà. Máa wo dígí ọ̀tún: tí ìdí tírélà bá ti ń gun ìlà funfun, wá ibi yà sí.

Jagunlabí: Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì, so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá.

Bàbá Tírélà: Jagun, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn ti ń wá. Ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló máa lu ògiri ẹ̀gbẹ́ ní ihò ni?

Ìyá Ìbejì: Ní ti dispatcher, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún awakọ̀ ọkọ̀ ńlá, 392.14, ní tí ojú ọjọ́ bá ti burú jù, kí awakọ̀ dúró. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, má pè é. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ò ní ẹ̀rí.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti kọ ọ́. Ṣé kí n kúkú lọ dúró sí Laramie?

Bàbá Tírélà: Rárá o. Tí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, Laramie á kún fọ́fọ́. Cheyenne ni kó o sùn, kó o sì kọjú imú ọkọ̀ sí atẹ́gùn.