Fóòmù wa ń rùn fún ìtọ̀, ẹ gbà mí o

Ìyá Kẹ́hìndé, Sábó:
Ẹ kú ilé o, ará Ìkòròdú. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta yìí, atọ̀ọ́lé paraku ni, ó ti sọ fóòmù wa di ṣáláńgá. Sátidé inú bí mi, mo po ọṣẹ sómi, mo da odidi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lé e lórí, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí apá fi ń ro mí. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin, òkè ẹ̀ gbẹ ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ omi ń yọ, òórùn ẹ̀ wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òjò ò sì jẹ́ ká rí nǹkan sá. Ṣé kí n kúkú gbé e jù ni? Owó fóòmù tuntun ò ṣe é gbọ́ sétí o.

Bọ̀dá Fọ́níṣọ̀, Ẹbúté:
Ẹ má jù ú o mà. Omi tẹ́ ẹ dà sí i yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀, fóòmù ò yàtọ̀ sí kàn-ìn-kàn-ìn, ṣe ló gbé ìtọ̀ òkè lọ sínú. Ẹ gbé e nàró, kó fi igun kan ṣoṣo kanlẹ̀, omi á máa wá síbẹ̀, ẹ wá fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ tẹ igun yẹn, ẹ fún táwẹ́ẹ̀lì náà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má lọ́ fóòmù fúnra ẹ̀ bí aṣọ o, ó máa ya. Tíná bá wà, ẹ kọ fáànù sí ẹ̀yìn ẹ̀.

Ọmọ Agric:
Ẹ da bílíìṣì lé e jàre, kíá ni.

Àǹtí Alákàrà Òyìnbó:
Ọmọ Agric, má pa èèyàn o! Bílíìṣì tó bá pàdé ìtọ̀ tàbí fínígà, èéfín tó ń tú jáde níbẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn lè mí. Ìyá Kẹ́hìndé, tó bá ti gbẹ tinú tòde, ẹ po fínígà àti omi ní ìdajì-ìdajì, ẹ fín in fẹ́rẹ́ sójú ibi tó rùn, ẹ má jẹ́ kó rin. Tó bá gbẹ, ẹ wọ́n báákìn sódà lé e, sódà o, kì í ṣe páúdà tá a fi ń ṣe kéèkì, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, ẹ wá gbá a kúrò. Ẹ má ki káfúrà sábẹ́ ẹ̀ o, àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gba nǹkan yẹn rárá.

Ìyá Kẹ́hìndé, Sábó:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé e nàró, omi tó ń kán ní igun yẹn pupa bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ara mi bù máṣọ. Mo ti ra ọ̀rá tí mo máa tẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ rèé, ọ̀gbẹ́ni yẹn tún ń bèèrè omi mu.