Ping ń dáhùn, àmọ́ sáfà kò rí agent tó wà lọ́nà jíjìn: mo ń wá ìmọ̀ràn

Olùtọ́jú-Ẹ̀rọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sáfà Zabbix wa (ètò tó ń ṣọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́) ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà Linux kan tó wà ní ẹ̀ka ọ́fíìsì mìíràn. Ẹ̀yìn router ni kọ̀ǹpútà náà wà, router ọ̀hún ló sì ń darí ohun tó bá wọlé láti ìta sí port 10050 rẹ̀ (ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà, tí agent fi ń gba ìpè). Bí mo bá fi ping (àṣẹ tó ń wò bóyá àdírẹ́sì kan ń dáhùn) wo àdírẹ́sì ibẹ̀, kíá ló ń dáhùn, síbẹ̀ Zabbix ń tẹnu mọ́ ọn pé òun kò rí agent, ìyẹn ètò kékeré orí kọ̀ǹpútà náà tó ń fún sáfà ní ìròyìn. Mo ti wọ orí kọ̀ǹpútà náà, agent ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, kí n má baà máa yí ètò tí kò lẹ́bi padà?

Port-Ṣíṣí:
Ẹ má gbára lé ping rárá. ICMP ni ping ń lò, TCP sì ni Zabbix fi ń bá agent sọ̀rọ̀, ìlànà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, firewall (ètò tó ń pinnu ohun tó lè kọjá) sì lè jẹ́ kí ọ̀kan kọjá kó dènà èkejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, níwọ̀n bó ti jẹ́ àdírẹ́sì router ni ẹ ń pè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ router fúnra rẹ̀ ló ń dá yín lóhùn, tí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan sí i.

Orí sáfà gan-an ni kí ẹ wà, kí ẹ tẹ `nc -zv 203.0.113.25 10050`, kí ẹ sì fara balẹ̀ ka èsì rẹ̀. Bó bá sọ pé "Connection refused", a jẹ́ pé ìpè yín dé ibì kan tí wọ́n ti kọ̀ ọ́: bóyá kò sí ètò tó ń dúró de ìpè lórí port yẹn, tàbí firewall ló dá a padà. Bó bá dákẹ́ títí tó fi sọ pé "timed out", ẹ wá firewall tó ń gbé packet (ìdì ọ̀rọ̀ tó ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mì láìfọhùn, tàbí ọ̀nà tó já. Bó bá sì so pọ̀, ẹ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, inú ètò agent ni kí ẹ lọ wò. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pa firewall pátápátá torí pé ẹ fẹ́ dán an wò.

Ẹ̀yìn-Router:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lórí kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn náà, ẹ tẹ `ss -ltn`, kí ẹ wo ìlà tí 10050 wà. Bó bá jẹ́ 127.0.0.1:10050 ni ẹ rí, agent kò gba ìpè ẹnikẹ́ni àyàfi ti kọ̀ǹpútà tí òun fúnra rẹ̀ wà. ListenIP, ìlà tó ń sọ àdírẹ́sì tí agent ti ń gba ìpè nínú fáìlì ètò rẹ̀, ni kí ẹ tún ṣe. Bó bá jẹ́ 0.0.0.0:10050 (ìyẹn gbogbo àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà), kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ ṣí `tcpdump -ni any tcp port 10050`, tó ń fi packet tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde hàn, síbẹ̀, kí ẹ wá pe agent láti orí sáfà, kí ẹ sì máa wò ó. Bí SYN (packet tó ń bẹ̀rẹ̀ ìpè TCP) kò bá dé rárá, ìṣòro náà wà kí ó tó kan kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ padà sórí router. Bí SYN bá dé tí ohunkóhun kò jáde, ẹ yẹ firewall orí kọ̀ǹpútà náà wò. Bí SYN-ACK (èsì SYN) bá jáde ńkọ́, tí sáfà kò rí i? Ọ̀nà àbọ̀ ló bàjẹ́ nìyẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí wò nítorí pé ọ̀nà àlọ nìkan ni ọkàn wọn máa ń wà.

Olùtọ́jú-Ẹ̀rọ:
Ẹ ṣeun púpọ̀. nc so pọ̀, SYN dé, SYN-ACK sì padà. Àmọ́ nígbà tí mo tẹ `zabbix_get -s 203.0.113.25 -k agent.ping` láti bi agent bóyá ó wà, kò dá 1 padà bó ṣe yẹ. Ohun tí mo rí nínú fáìlì log agent nìyí: `connection from "198.51.100.7" rejected, allowed hosts: "192.168.10.5"`.

Port-Ṣíṣí:
Ìlà yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀. 192.168.10.5 ni sáfà yín ń jẹ́ nínú ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kí packet tó dé ọ̀hún, router yín ti fi àdírẹ́sì ìta, 198.51.100.7, rọ́pò rẹ̀. Agent gba ìpè náà, ó wo ẹni tó ń pè, kò bá a nínú `Server=` (ìlà àwọn tí agent gbà láyè, nínú fáìlì ètò rẹ̀), ló bá já a. Ẹ fi àdírẹ́sì ìta náà sí i, kí ẹ sì tún agent bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì ìta yín máa ń yí padà, orúkọ DNS (orúkọ tó dúró fún àdírẹ́sì) ni kí ẹ kọ síbẹ̀.

Wáyà-Gígùn:
Ìyẹn á ṣiṣẹ́, àmọ́ ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kí agent fúnra rẹ̀ máa pe sáfà. Ẹ fi àdírẹ́sì ìta sáfà sí `ServerActive=` nínú fáìlì ètò agent, kí port 10051 ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ sáfà, kí ẹ sì yí irú item (ohun kọ̀ọ̀kan tí Zabbix ń wò) padà sí "Zabbix agent (active)". Kò ní sí ìdí láti ṣí port kankan ní ẹ̀ka mọ́. `Hostname=` gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí sáfà mu délẹ̀délẹ̀, títí kan lẹ́tà ńlá àti kékeré. Níwọ̀n bó ti jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, ẹ lo PSK (kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí sáfà àti agent jọ ní, tó ń sọ ọ̀rọ̀ wọn di àṣírí), nítorí agent kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ àyàfi bí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùtọ́jú-Ẹ̀rọ:
Mo fi àdírẹ́sì náà sí i, zabbix_get sì ti dá 1 padà. Màá yí i padà bí ọ̀gá ṣe wí. Ìbéèrè kan ló kù: bó bá jẹ́ agent ló ń pè, báwo ni sáfà yóò ṣe mọ̀ bí kọ̀ǹpútà náà bá kú?

Wáyà-Gígùn:
Trigger ni kí ẹ ṣe fún un, èyí tí yóò ké bí agent.ping kò bá dé fún ìṣẹ́jú 5. Bí orúkọ kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ eka2, ẹ kọ ọ́ báyìí: `nodata(/eka2/agent.ping,5m)=1`. Ẹ rí i pé item náà ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ìdákẹ́jẹ́ kékeré má baà máa ta yín jí lóru.